Họ́ọ̀bù Tó Gba Ojú Omi Wá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 1956, kẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì Agatha kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Imoru. Kì í ṣe pé táyà bẹ́, ṣéènì kò sì já. Ó ń gun òkè kékeré kan lọ ni, ó tẹ pẹ́dà, pẹ́dà ń yí lófo, kẹ̀kẹ́ kò sún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ rù, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ wá sí Ijagba nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Agbẹ̀bí ni Agatha. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ìdílé Àgùdà, kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Òun ló ń mójú tó ilé ìgbẹ̀bí kékeré tí àwọn ará Ijagba fi amọ̀ àti páànù kọ́, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà, nítorí aboyún tí ọmọ ti ń mú nínú abà kan lẹ́yìn Imoru kò lè fẹsẹ̀ rìn wá bá a. Òun ló máa ń lọ bá wọn.

Kẹ̀kẹ́ tó ń gùn kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀. Sítà òyìnbó kan tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Họ́láńdì lẹ́yìn tí àìsàn ti dá Sítà náà padà sílé. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ lọ́hùn-ún ló dáwó rà á. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ni, kò ní bíréèkì lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, pẹ́dà ni yóò tẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn láti Ijagba títí dé Ọ̀wọ̀.

Tíṣà Sylvanus ló gbé e sórí lọ́rì lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọmọ Idoani ni Sylvanus, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ní Ijagba, òun náà sì ni akọ̀wé àti akápò kọmítì ilé ìgbẹ̀bí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá Tàjúdéènì, ará Àkókó kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà. Tàjúdéènì tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó da ohun tó wà nínú họ́ọ̀bù, irin àárín tí ẹsẹ̀ náà fi ń yí, sórí àkísà, ó sì mi orí.

"Ẹ wo eyín irin yìí, Tíṣà. Ó ti jẹ tán. Mo ti gbé ti Gẹ̀ẹ́sì sí i wò, kò wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀ sí tiwa."

"Níbo la ti lè rí irú rẹ̀?"

"Níbi tí wọ́n ti bí i," ni Tàjúdéènì wí.

Sylvanus kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kà á sí etí ìyàwó rẹ̀, Monica. Họ́ọ̀bù odindi kan, pọ́n-ùn kan àti ṣílè márùn-ún. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e, ṣílè mẹ́fà ni owó ọkọ̀, yóò sì tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó dé. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e, pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá, yóò sì dé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Owó bodè Èkó kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn, ọ̀nà yòówù kí ó gbà wọlé, àwọn aṣọ́bodè yóò gbà á.

"Pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá!" ni Sylvanus pariwo. "Kí irin kan lè gun ọkọ̀ òfuurufú bí ajẹ́lẹ̀! Owó ọkọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì irin fúnra rẹ̀."

"Owó náà kò sí lọ́wọ́ kọmítì ni?" Monica bi í.

"Ó wà."

Ó wà lóòótọ́. Pọ́n-ùn méje ló wà nínú agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, gbogbo agboolé ló dá sísì sísì jọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Sylvanus jẹ́ fún yín. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti kó owó kọmítì jẹ, ó sì sá lọ sí ìlú mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú àlejò, ọmọ Idoani, pé kò ní ẹbí tí yóò máa fà á láṣọ. Láti ìgbà náà, kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Gígé ni ó máa ń gé pẹ́ńsùlù sí méjì kí ó tó pín in fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò ní kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kì í béèrè táyà. Bí àwọn àgbà bá rí i lọ́nà, wọn a ní, "Tíṣà, ọwọ́ rẹ kì í jò," ara rẹ̀ a sì yá gágá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí orúkọ oyè tí wọn ì bá fún un tí yóò dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni kọmítì jókòó. Sylvanus dìde, ó ní họ́ọ̀bù náà yóò ti Họ́láńdì wá, gbogbo ìnáwó kò ní ju pọ́n-ùn kan àti ṣílè mọ́kànlá lọ pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojú omi, àfi owó bodè. Ó ní kí wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kàsúmù, oníṣòwò kòkó kan tó máa ń sọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, nawọ́. "Tíṣà, lẹ́tà tí ẹ kọ lọ tó padà wá yìí kò pẹ́ rárá. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e, àbí? Ṣé kò lè gbé họ́ọ̀bù náà?"

Sylvanus ní ìwé yẹn nínú àpò rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá kà á síta, Kàsúmù yóò ní kí wọ́n ná owó náà kíá, gbogbo ilé yóò sì tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, òun kò ní lè sọ iye tó kù nínú agolo pẹ̀lú ohùn tí òun máa ń fi sọ ọ́.

"Lẹ́tà ló ń gbé," ó dáhùn. "Kì í gbé irin."

Kò sí ẹni tó jiyàn. Ta ni yóò bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jiyàn lórí ọkọ̀ òfuurufú? Agatha, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kàn fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Oṣù mẹ́rin," ó ní. "Ó dára, sà. N ó máa fẹsẹ̀ rìn ín."

Ó sì ń fẹsẹ̀ rìn ín. Kẹ̀kẹ́ ọkùnrin méjì péré ló wà ní Ijagba, ti Kàsúmù àti ti akọ̀wé kan tó ń ra kòkó. Agatha yá ti Kàsúmù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá àárín rẹ̀ gbé aṣọ rẹ̀ há, ó ṣubú, ìgò oògùn mẹ́ta sì fọ́. Láti ọjọ́ náà, àpótí orí ni, àti ẹsẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Sylvanus máa ń rí i tó ń ti ìgbẹ̀bí bọ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, yóò sì kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ó kù díẹ̀." Yóò dáhùn, "Ẹ ṣé, sà."

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Fẹ̀sọ̀jayé sáré wọ Ijagba. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbé ní abà kan lẹ́yìn Imoru. Ìyàwó rẹ̀, Mojíbọ́lá, ti ń rọbí láti òru. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn nìyẹn, oyún àkọ́kọ́ tó dúró sì ni. Sylvanus wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ nígbà tí Agatha gbé àpótí rẹ̀ karí, tí òun àti ọkùnrin náà jùmọ̀ ń yára lọ. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi yí kọ́nà. Ó wọlé padà, ó sì ń bá ìṣirò lọ.

Òjò ńlá rọ̀ kí ó tó di ọ̀sán.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìròyìn dé. Mojíbọ́lá wà láàyè. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, ìwọ́ ló yí i lọ́rùn. Ìyá Fẹ̀sọ̀jayé ló gbà á, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú rẹ̀. Odò kún lójú ọ̀nà, ni Agatha wí. Nígbà tó fi máa dé, aago kan ti kọjá, ọmọ náà ti tutù.

Tíṣà ìṣirò ni Sylvanus. Kò pe ìṣirò náà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ara rẹ̀ sí i lọ́kàn. Wákàtí méjì àbọ̀ ni ìrìn ẹsẹ̀ láti Ijagba dé abà náà. Lórí kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Bí ó bá kúrò ní aago mẹ́wàá, ì bá ti dé kí aago mọ́kànlá tó lù, kí òjò tó ṣú rárá. Họ́ọ̀bù tí ọkọ̀ òfuurufú bá gbé ní ìparí oṣù kẹrin ì bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́ láti àárín oṣù karùn-ún. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó ń jẹun, ó gbé oúnjẹ náà tì.

Monica wò ó. Ó mọ̀. Òun nìkan ló gbọ́ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Sylvanus wí fún un.

"N kò sọ nǹkan kan," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Èmi náà kò sọ nǹkan kan nígbà yẹn."

Wọ́n lọ kí Fẹ̀sọ̀jayé kú àdánù. Ọkùnrin náà di ọwọ́ Tíṣà mú, ó ń dúpẹ́ pé ó rin ọ̀nà jíjìn nítorí tàwọn. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó gbóná, Sylvanus sì ń fẹ́ kí ó tètè jọ̀wọ́ òun. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, Monica ń lọ níwájú títí wọ́n fi délé.

Agatha ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Lẹ́yìn náà, ó di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí pa. Lẹ́ẹ̀mejì ni Sylvanus lọ kí i ní Ọ̀wọ̀ láàárín oṣù keje, pé kí ó padà wá. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó padà wálé láìsọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un. Ó ti sọ ọ́ fún Fadá nígbà ìjẹ́wọ́, Fadá sì fún un ní àdúrà tí yóò gbà. Ó gba àdúrà náà tán, ó rí i pé nǹkan kan kò kúrò níbi tó wà. Kì í ṣe Fadá ló fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Imoru.

Ní ìparí oṣù keje, ìwé ti pósófíìsì Ọ̀wọ̀ dé pé ẹrù kan ti Họ́láńdì wá. Sylvanus lọ san owó bodè, wọ́n gbé e fún un: àpótí páálí kékeré kan tí omi iyọ̀ ti ba igun rẹ̀ jẹ́, òǹtẹ̀ ìlú mẹ́ta lára rẹ̀. Kò wúwo ju iṣu kékeré kan lọ. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e sọ́wọ́ òsì. Ó wá gbé e lọ bá Tàjúdéènì, níbi tí kẹ̀kẹ́ náà ti wà láti oṣù kẹrin.

Tàjúdéènì fi ìdajì wákàtí tò ó. Ó yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó dún ṣììì, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan la fi ń dúró de òkun láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ń gbé ẹrù àwọn oníṣòwò Èkó báyìí, Tíṣà, àní irin mọ́tò. Ṣé ẹ kò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀," ni Sylvanus wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ ọ́ síta fún ẹni tí kì í ṣe Fadá. Tàjúdéènì kò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń pe oníbàárà mìíràn. Sylvanus ti kẹ̀kẹ́ náà kúrò níbẹ̀, ó gba ilé ìyá Agatha lọ.

Aṣọ ni ìyá Agatha ń tà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Agatha jókòó sórí àpótí, ó ń ká aṣọ. Nígbà tó rí kẹ̀kẹ́, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ó ti dé," ni Sylvanus wí. "Ó ń yí bí ẹni pé kò bàjẹ́ rí."

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá rán sí yín, sà. Èmi kò gùn ún mọ́."

"Ìwọ la fẹ́, ọmọ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Agatha gbé ojú sókè. Ìyá rẹ̀ ti wọlé lọ bu omi fún àlejò. "Ẹ kò mọ̀, sà. Kò sí ẹni tó mọ̀. Mo sọ fún gbogbo yín pé odò ló kún. Odò kò kún. Fẹ̀sọ̀jayé sáré lọ síwájú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, èmi sì yà sínú ahéré kan. Mo sọ fún ara mi pé nítorí òwú àti oògùn inú àpótí ni, kí wọ́n má baà rin. Irọ́ ni. Ó rẹ̀ mí ni, sà. Mo ti gbẹ̀bí ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, n kò tíì sùn. Mo jókòó. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó. Bí mo bá rìn nínú òjò náà, n bá bá ọmọ náà."

Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí ó fi há a sórí. Sylvanus dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ó rí i pé bí òun bá kàn ní "Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú," tí òun sì padà lọ sí Ijagba, ọmọbìnrin yìí yóò ru ẹrù náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹrù ẹlòmíràn ni.

"Kì í ṣe òjò," ó ní.

"Òjò ni, sà."

"Agatha, ọkọ̀ òfuurufú ń gbé irin."

Kò yé e. Sylvanus jókòó sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ọ́ tán: ìwé tó kà sí etí Monica, ọ̀nà méjì tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá àti oṣù mẹ́rin, ohun tí Kàsúmù bi í, ohun tó fi dá a lóhùn. Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń wò.

"Èló ni ìyàtọ̀ rẹ̀?" Agatha béèrè.

"Pọ́n-ùn méjì àti ṣílè mẹ́rin."

"Kí lẹ fi ṣe?"

"N kò fi ṣe nǹkan kan. Ó wà nínú agolo, ó pé."

Agatha fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ì bá sàn ká ní ẹ jẹ ẹ́," ó ní. "Bí ẹ bá fi ra aṣọ fún ìyàwó yín, n bá mọ ohun tí ọmọ náà kú lé lórí."

Ó dìde, ó wọlé. Ìyá rẹ̀ gbé omi jáde, ó bá Tíṣà lórí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo Tíṣà, ó gbé omi náà sílẹ̀. Sylvanus kò mu ún. Ó fẹ́ lọ, kò lè lọ. Nígbà tí Agatha padà jáde, ó ti bọ́jú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Lẹ́ẹ̀mejì, Tíṣà. Ẹ jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ jẹ iṣu ìyá mi, ẹ ní kí n mọ́kàn le."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ lọ sọ fún Fẹ̀sọ̀jayé àti ìyàwó rẹ̀. Èmi náà yóò lọ sọ tèmi. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀."

Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Imoru láti Ijagba. Kò bẹ Monica pé kí ó bá òun lọ, ṣùgbọ́n Monica so gèlè, ó tẹ̀ lé e.

Fẹ̀sọ̀jayé wà ní iwájú abà, ó ń fi okùn di iṣu tuntun mọ́ra láti gbé lọ sọ́jà. Mojíbọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí. Ó ti rù. Wọ́n gbé àpótí fún àwọn àlejò, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Sylvanus kò jẹ́ kí wọ́n kí tán. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n níbí yìí ohùn rẹ̀ gé lẹ́ẹ̀mejì.

Fẹ̀sọ̀jayé fi okùn sílẹ̀. "Oṣù wo ni ìwé òyìnbó náà dé?"

"Ìparí oṣù kẹrin."

"Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ló wà nínú àpótí mi ní ìparí oṣù kẹrin. Owó kòkó. Mo ń fi í pamọ́ de ìsọmọlórúkọ." Ó nawọ́ sí inú abà, bí ẹni pé àpótí náà yóò jẹ́rìí. "Kí ló dé tí ẹ kò bi wá léèrè, Tíṣà? Ká ní agolo yín ṣófo pàápàá. Kí ló dé tí ẹ kò wí pé báyìí báyìí ni owó rẹ̀, ta ni yóò san án?"

Sylvanus la ẹnu. Gbogbo ohun tí ó ti tò kalẹ̀ lójú ọ̀nà, bí akọ̀wé ìṣáájú ṣe jalè, bí owó ìlú ṣe ṣòro kó jọ, bí òun kò ṣe lè mọ ọjọ́ iwájú, kò sí ọ̀kan tó jáde.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n ná an," ó ní.

"Ẹ̀n-ẹ́n. À bá ní kí ẹ ná an."

Ọkùnrin náà dìde, ó gba ẹ̀yìn abà lọ. Wọ́n ń gbọ́ bí ó ṣe ń la igi, bẹ́ẹ̀ igi kò wọ́n níwájú ilé. Monica kúnlẹ̀ níwájú Mojíbọ́lá. "Ìyá mi, èmi náà mọ̀ nípa rẹ̀. Etí mi ló kà á sí. Ẹ dárí jì wá."

Mojíbọ́lá kò dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ẹ má tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lónìí," ó ní. "Nọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ yìí. Òun náà tọrọ tirẹ̀, mo sì fún un, nítorí òun ló dì mí mú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Tiyín ṣì wúwo. Ẹ dìde, ìyàwó Tíṣà, ilẹ̀ ti rin."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ní ìpàdé kọmítì tó tẹ̀ lé e, Sylvanus ka ìwé òyìnbó náà síta láti orí dé ìsàlẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì gbé agolo síwájú Kàsúmù pé òun kò ṣe akápò mọ́. Ó ti retí ariwo. Ó ti retí pé wọn yóò ní kí òun padà sí Idoani. Ṣùgbọ́n àgbà kan wú ikọ́, ó ní, "Tíṣà kò jalè. Owó wa ló ń ṣọ́." Ẹlòmíràn ní ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, ọkọ̀ òfuurufú kò lè pa á rẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. Bí wọ́n ṣe ń tù ú tó ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i, ó wá ń fẹ́ kí Fẹ̀sọ̀jayé wà níbẹ̀ kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Kàsúmù nìkan ni kò tù ú nínú. Ó gba agolo náà, ó ní, "Mo bi yín, Tíṣà. Mo bi yín lójú gbogbo ènìyàn," ó sì jókòó.

Agatha padà sí Ijagba ní oṣù kẹsàn-án. Ó gun kẹ̀kẹ́ wọ̀lú, ó ṣí ilé ìgbẹ̀bí, ó gbá a. Bí ó bá pàdé Tíṣà, yóò kí i bí ó ti yẹ kí ọmọdé kí àgbà, kò ní fi nǹkan kan kún un. Ó tó oṣù kan kí ó tó wá sí ilé rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oòrùn ṣì wà lókè.

"Sítà ní Họ́láńdì kọ̀wé," ó ní. "Ó ní àwọn obìnrin tó ra kẹ̀kẹ́ ń béèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì yín dára ju tèmi lọ, sà. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Àwọn ni wọ́n dáwó rà á."

Sylvanus gbé tábìlì jáde. Agatha jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ ìkíni, ó kọ ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ bàjẹ́, ó kọ nípa ìwé tó ti ilé iṣẹ́ wá. Ó wá kọ pé àwọn pinnu láti gba ọ̀nà ojú omi nítorí ìnáwó.

Agatha fi ìka lé orí ọ̀rọ̀ náà. "Ta ni 'àwọn', sà?"

"Kọmítì."

"Kọmítì kò mọ̀."

Ó fa ìlà sí i, ó kọ ọ́ pé a pinnu. Agatha kò gbé ìka kúrò. "Ta ni 'a'?"

Nínú ilé, Monica ti dáwọ́ gbígún dúró. Sylvanus ki pẹ́ẹ̀nì bọ inú yíǹkì, ó sì dì í mú lókè títí tí yíǹkì fi kán sórí ìwé. Ó ju ìwé náà nù, ó mú òmíràn, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ "èmi". Èmi ni mo mọ̀. Èmi ni mo purọ́. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ náà kú, kò mọ bí yóò ṣe kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó má dà bí ìròyìn inú ìwé ìròyìn. Ó bi Agatha. Agatha náà kò mọ̀. 

"Ẹ kàn kọ pé ọmọkùnrin ni," ni Agatha wí nígbẹ̀yìn. "Pé àwọn òbí rẹ̀ ti ń wá a fún ọdún mẹ́sàn-án."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó gbẹ, ó nà án sí i. Agatha kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì ká a.

"Agatha," ni Sylvanus wí, "ṣé o ti dárí..."

"Obìnrin kan ń dúró dè mí lábà, sà," ó ní. Ó fi ìwé náà sínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì lọ.